Yọ̀, yọ́, yọ: ìtàn bẹ́líìtì lára kẹ̀kẹ́ alẹ́ńjìnnì ní ilẹ̀ Kétu

1. Ìfáàrà

Mobylette kan ni bàbá mi fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú. Ó wà lẹ́yìn ilé wa ní Kétu fún ọ̀pọ̀ ọdún, adìẹ a máa yé sábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2019, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀-àyálò inú iṣẹ́ ọwọ́ jọ ní agbègbè wa, òun ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí. Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni. N ó tú u palẹ̀, n ó kó àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ bá mẹkáníìkì àgbà tí ó máa ń bá bàbá mi tún un ṣe, n ó máa fi ìka tọ́ka sí wọn, wọn ó máa dárúkọ, èmi ó máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá náà wo àpò tí mo kó irin sí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí tí o kó wá yìí ti kú. Ta ní ń pe òkú lórúkọ kí ó dáhùn? Jẹ́ kí a kan ọ̀kan tí yóò rìn, wàá gbọ́ orúkọ." Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé èmi, olùkọ́ ìmọ̀ èdè, lo ìsinmi mi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, tí mo ń fi ayùn irin gé páìpù láti fi ẹ́ńjìnnì àti bẹ́líìtì sára kẹ̀kẹ́ ológeere lásán.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èkíní, mo fẹ́ sọ ìtàn bí bẹ́líìtì ṣe dé ara kẹ̀kẹ́, ní òkè òkun àti ní ilẹ̀ Kétu. Èkejì, mo fẹ́ ṣe àlàyé bí a ṣe kan tiwa, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe kò lè mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹ̀kẹta, mo fẹ́ tún èrò kan ṣe tí èmi fúnra mi ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún púpọ̀, pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, pé yíyá nìkan ni ó ń yá.

2. Kẹ̀kẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó dé

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ọ̀rọ̀ yìí bá ológeere wọ ìlú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni ohun yíyí tí àwọn obìnrin ń ká òwú lé nígbà tí wọ́n bá ń rànwú, ó sì ti wà lẹ́nu wọn kí Òyìnbó tó dé. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì, wọ́n lo ọ̀rọ̀ náà fún ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà lójú ogun, kẹ̀kẹ́-ogun. Nígbà tí ológeere dé, òun náà di kẹ̀kẹ́. Lónìí, ẹni tí ó bá pe kẹ̀kẹ́ ní Èkó lè máa sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ akérò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni yíyí. Irú ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sọ́dọ̀ wa: Haúsá ń pe ológeere àti ẹ̀rọ ìránṣọ ní keke, Fọ̀n náà sì ń pe ológeere ní kɛkɛ, débi pé ẹni tí ó ń fi alùpùpù gbé èrò ní Kútọnu ni wọ́n ń pè ní kɛkɛnɔ, oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó tàn ká báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná.

Ilẹ̀ tí mo ń sọ nípa rẹ̀ ni òkè ilẹ̀ pupa tí ó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin. Kétu, Pobè àti Sakété wà lórí rẹ̀. Lọ́dún 1999 ni ìjọba Benin yọ agbègbè yìí kúrò lára Ouémé, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Plateau. Kétu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọba àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá, Alákétu ni ọba rẹ̀, ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ́nà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Samuel Ajayi Crowther bẹ ìlú náà wò lọ́dún 1853. Lọ́dún 1886, ogun Dàhọ̀mì lábẹ́ ọba Glele kó ìlú náà, ó sun ún níná, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tí ó kù padà wá tún un tẹ̀ dó.

Kí wọ́n tó padà ni wọ́n ti pín ilẹ̀ náà. Àdéhùn 10 Oṣù Kẹjọ ọdún 1889 láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà kan tí ó fi Kétu sí ọ̀dọ̀ Faransé, tí ó sì fi Ìmẹ̀kọ, tí ó wà lábẹ́ Alákétu tẹ́lẹ̀, sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, tí òun gan-an jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti fi ìwádìí rẹ̀ hàn pé àwọn ènìyàn kò jẹ́ kí ààlà yìí dí wọn lọ́nà: nígbà tí owó orí, iṣẹ́ ipá àti mímú ọmọ fún ogun bá le jù lọ́dọ̀ Faransé, wọn a kó ẹrù, wọn a kọjá sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọjá, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bá wọn kọjá. Ẹ jẹ́ kí a fi ààlà yìí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò ṣàlàyé ìdí tí bẹ́líìtì fi ní orúkọ méjì.

3. Bẹ́líìtì ní òkè òkun

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì sára kẹ̀kẹ́ ni ìṣòro kan ti wà: báwo ni agbára yóò ṣe ti ara ẹ́ńjìnnì dé ara táyà? Lọ́dún 1897, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tí wọ́n ń jẹ́ Werner gbé ẹ́ńjìnnì lé orí táyà iwájú kẹ̀kẹ́ ní Paris, wọ́n sì fi awọ fà á. Ní nǹkan bí ọdún 1900, ilé-iṣẹ́ Minerva ní Antwerp ń ta ẹ́ńjìnnì kékeré tí ènìyàn lè so mọ́ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ nílé, awọ náà ni ó ń yí i. Awọ dára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá rọ̀, yóò máa yọ̀.

Ohun tí ó yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni bẹ́líìtì onírọ́bà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dà gẹ́rẹ́ wọnú bí ìdí èèkàn. John Gates ní Denver, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó ṣe é lọ́dún 1917. Bí èèkàn ṣe ń há mọ́ ihò rẹ̀ bí a bá lù ú, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́líìtì yìí ń há sínú kòtò púlì bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Bẹ́líìtì pẹlẹbẹ kò ní irú ìháyà bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì Whizzer tí wọ́n ń tà láti ọdún 1939 fún ẹni tí ó bá fẹ́ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lo ohun róbótó tí ó ń fara yí táyà; nígbà ogun àgbáyé kejì ni wọ́n yí i padà sí bẹ́líìtì.

Ní Faransé, ilé-iṣẹ́ Motobécane mú Mobylette jáde lọ́dún 1949. Èyí ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú èyí tí bàbá mi ní, bẹ́líìtì ń ti ara ẹ́ńjìnnì lọ sórí púlì ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dààlì, ṣéènì sì ń ti ibẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀, o lè tú púlì náà sílẹ̀ kí o máa wà á bí kẹ̀kẹ́ lásán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé ti jọba mọ̀ ọ́n: òun ni olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti katikíísì ń gùn.

4. Bí a ṣe kan tiwa

Kẹ̀kẹ́ tí a lò jẹ́ oní-íǹṣì 26. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ara ẹ̀rọ ìfami kan wá, tí fọ́ńfọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Omi ṣọ̀wọ́n lórí òkè wa, nítorí náà irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Fún púlì ńlá, Bàbá mú rímù kẹ̀kẹ́ ọmọdé oní-íǹṣì 20, wọ́n sì fi bóòtù àti abala irin so ó mọ́ sípóòkù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yípo. Kòtò tí táyà ń jókòó sí nínú rímù di kòtò tí bẹ́líìtì yóò jókòó sí. Mo rò pé ọgbọ́n Bàbá nìkan ni èyí, kí n tó rí i nínú àwòrán pé irú ọ̀nà yìí náà ni àwọn oní-Whizzer gbà.

Bẹ́líìtì ni ó kọ́kọ́ dá wa dúró. Nàìjíríà ti ti ààlà pa láti Oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọn kò sì ṣí i títí di Oṣù Kejìlá ọdún 2020. Bẹ́líìtì tuntun tí à bá rà, Èkó ni ó ti ń wá. Bàbá gé abala tẹ́ẹ́rẹ́ lára bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tí ó ti gbó lára ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n fi wáyà rán orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ó yí ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, ojú ibi tí wọ́n rán kọ́ rímù, ó sì já. Ìyá kan tí ó ń rẹ́ ẹ̀gẹ́ fún gààrí ni ó fún wa ní bẹ́líìtì oníkòtò kan tí ó ti lò gbó. Ìyẹn kò ní ojú rírán.

A gbé e sí i. Mo gun kẹ̀kẹ́, Bàbá ta ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ké, èéfín jáde lára bẹ́líìtì, mo wà lójú kan. Ọmọ iṣẹ́ tí ó kéré jù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ìṣirò ni mo fi rí àṣìṣe wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ Bàbá ti mọ̀ ọ́n kí n tó fa bírò yọ. Ẹ́ńjìnnì náà ń yí nǹkan bí ìgbà 3,600 láàárín ìṣẹ́jú kan. Púlì kékeré tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, rímù tí bẹ́líìtì ń yí sì fẹ̀ tó 42. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì yóò yí nígbà 7 kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ oní-íǹṣì 26 máa ń rin nǹkan bí mítà 2.07 bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá ṣírò ó, a ti ní kí ẹ́ńjìnnì ìfami gbé ènìyàn sáré kìlómítà 64 láàárín wákàtí kan. Kò lè gbé e. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe dúró tí púlì kékeré ń yí, bẹ́líìtì ń fara ha irin, ó ń gbóná.

Bàbá kò lo nọ́ńbà kankan. Wọ́n ní, "O ní kí ọmọdé ru òdù. Fi ẹnìkan sí àárín kí ó bá a gbà á." Ẹni tí wọ́n fi sí àárín ni ọ̀pá irin kan tí ó ní púlì méjì. Púlì sẹ̀ǹtímítà 6 tí ó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì kúkúrú fa oní-12 lórí ọ̀pá náà. Oní-6 mìíràn lórí ọ̀pá kan náà sì ń fa rímù. Ìlọ́po 2 nígbà 7 jẹ́ 14. Pẹ̀lú èyí, eré tí ẹ́ńjìnnì lè sá di nǹkan bí kìlómítà 32 láàárín wákàtí kan, agbára tí ó ń dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì di ìlọ́po méjì. Ìdí kan náà ni Mobylette fi ní bẹ́líìtì àti ṣéènì pa pọ̀: ìgbésẹ̀ kan kò tó láti ti ara ohun tí ó ń sáré bẹ́ẹ̀ dé ara ohun tí ó tóbi bẹ́ẹ̀.

Ó ku ìṣòro kan. Nígbà tí púlì kan bá kéré tí èkejì sì tóbi, tí wọn kò sì jìnnà síra, bẹ́líìtì kì í yí ìdajì ara púlì kékeré ká. Ibi tí ó ti dì í mú kò tó. Bàbá wá fi gbọ̀ngbọ̀n kékeré kan sórí apá irin tí ó ní sípíríǹgì, kí ó máa ti bẹ́líìtì wọnú láti ẹ̀yìn, ní ẹ̀gbẹ́ tí ó dẹ̀. Bẹ́líìtì ní ẹ̀gbẹ́ méjì bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀: èyí tí ẹ́ńjìnnì ń fà máa ń le, èyí tí ó ń padà bọ̀ máa ń dẹ̀. Tí o bá tẹ èyí tí ó le, wàá ba nǹkan jẹ́. Wọ́n so okùn bíréèkì mọ́ apá irin náà. Bí mo bá fa ọwọ́ rẹ̀, gbọ̀ngbọ̀n náà á kúrò, bẹ́líìtì á dẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa yí lásán láìfa kẹ̀kẹ́. Bí mo bá tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ̀kẹ́ á gbéra.

Ó gbéra. Mo gùn ún dé ojú ọ̀nà Ìlárá, mo sì gùn ún padà.

5. Orúkọ: ọ̀nà méjì tí ọ̀rọ̀ gbà wọlé

Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ orúkọ, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí. Ṣọ́ọ̀bù kan ni mo jókòó sí, nítorí náà ẹ̀rí kékeré ni mo fi ohun tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ará ibì kan náà: ọmọ Kétu ni méjì, ọ̀kan wá láti apá Ìmẹ̀kọ.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ ń sọ pé bẹ́líìtì. Àwọn ọmọ Kétu ń sọ pé kuruwá, láti ara courroie ti Faransé. Lójú mi, èyí kì í ṣe ìyàtọ̀ orúkọ lásán. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun tí ó wà nídìí ṣòkòtò àti ohun tí ó wà lára ẹ̀rọ. Faransé pín wọn: ceinture ni tìdí, courroie ni tẹ̀rọ. Ọmọ Ìmẹ̀kọ lè sọ pé bẹ́líìtì òun já, kí a sì béèrè bóyá ṣòkòtò ni tàbí ẹ̀rọ. Ọmọ Kétu kò lè ní ìṣòro yẹn. Ibi tí èdè ayánilọ́rọ̀ ti pín ìtumọ̀, ibẹ̀ ni èdè ayálọ́rọ̀ ń bá a pín in, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mọ́tò. Faransé tí wọ́n ń sọ ní Benin, alùpùpù ni ó ń pè ní moto. Lọ́jọ́ kan, ọmọ Ìmẹ̀kọ sọ pé mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Kétu jáde, ó ń wá ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó sì padà wọlé pé òun kò rí nǹkan kan.

Èyí tí ó wù mí jù ni púlì. Gẹ̀ẹ́sì ní pulley, Faransé ní poulie. Ìró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, ẹ kò ní mọ ọ̀nà tí ó gbà wọlé. A mọ̀ pé bí Yorùbá bá yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì fi agbára pè sábà máa ń gba ohùn òkè, èyí tí ó tẹ̀ lé e á sì wálẹ̀. Nítorí náà ni ọmọ Ìmẹ̀kọ ṣe ń sọ pé púlì. Faransé ń tẹnu mọ́ sílébù ìparí, àwọn ọmọ Kétu sì ń sọ pé pulí, bí wọ́n ṣe ń sọ pé kuruwá. Kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì kò sọ ìtàn ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Ohùn nìkan ni ó sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kó ọ̀rọ̀-àyálò jọ láìfi àmì ohùn sí i ń ju ìwé ìrìnnà ọ̀rọ̀ nù ni.

Kí n fi ọ̀kan kún un. Ohun tí ọmọ Ìmẹ̀kọ ń pè ní bẹ́ríǹ, Faransé ń pè é ní roulement. Fáwẹ̀lì aránmúpè ni ọ̀rọ̀ Faransé yìí fi parí, irú fáwẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sì wà nínú Yorùbá, nítorí náà kò sí ìdí láti fi fáwẹ̀lì mìíràn tì í lẹ́yìn. Ẹ fi í wé plug tí ó di púlọ́ọ̀gì, tàbí brake tí ó di bíréèkì, níbi tí a ti ní láti já ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, kí a sì fi fáwẹ̀lì kádìí ọ̀rọ̀. Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó fi aránmúpè parí, Faransé wọ Yorùbá lára ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

6. Ìṣe: ohun tí a kò yá

Títí dé ibi yìí, ẹni tí ó bá ń kà mí lè sọ pé mo ti fi ẹnu ara mi jẹ́rìí sí ohun tí mo ń kọ́ni tẹ́lẹ̀: pé yíyá ni gbogbo rẹ̀. Púlì, bẹ́líìtì, ṣéènì, rímù, bóòtù, sípóòkù, kò sí èyí tí kì í ṣe ti àlejò. Mo ti ka ọ̀rọ̀-orúkọ, mo sì ti dájọ́.

Ní ọjọ́ tí bẹ́líìtì ń rú èéfín yẹn, Bàbá pe ọmọ iṣẹ́ tí ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ kan ara bẹ́líìtì kí ó lè mọ bí ó ṣe gbóná. Wọ́n ní, "Bí ó bá yọ̀, yóò yọ́. Bí ó bá yọ́, yóò yọ. Nígbà tí o bá gbọ́ tí ó ń ké, ó ti ń yọ̀ nìyẹn. Má dúró de ìkejì."

Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ, wọ́n sì bi mí bóyá etí ń dùn mí ni.

Ẹ wò ó dáadáa. Yọ̀, ohùn ìsàlẹ̀: ohun tí kò dì mú, bí ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí. Yọ́, ohùn òkè: ohun tí ooru sọ di rírọ̀, bí òrí. Yọ, ohùn àárín: ohun tí ó kúrò ní àyè rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ̀lì kan, ohùn mẹ́ta. Olúkúlùkù wa ti kọ irú mẹ́ta bẹ́ẹ̀ sára pátákó rí láti fi kọ́ni pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà. A máa ń mú wọn láti inú àpò bí ẹni mú òkúta mẹ́ta tí kò mọra wọn. Lẹ́nu Bàbá, wọ́n mọra wọn. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n nínú ikú bẹ́líìtì kan: àìdìmú ń bí ooru, ooru ń bí rírọ̀, rírọ̀ ń mú kí ó jáde nínú kòtò. Iwé ẹ̀rọ yóò lo odidi ìpínrọ̀ láti ṣàlàyé èyí.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí onímọ̀ gírámà kíyè sí. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ bá tẹ̀ lé e. Bí yọ̀ bá lè gba irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín òun àti yọ yóò parẹ́. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kì í yọ̀ nǹkan. Ó kàn ń yọ̀ ni. Nítorí náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe dúró gbọn-in nínú gbólóhùn Bàbá láìsí ìdàrúdàpọ̀.

Nígbà tí mo padà sórí ìwé tí mo kọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe dípò ọ̀rọ̀-orúkọ. Bẹ́líìtì a máa le, a máa dẹ̀, a máa há, a máa fò, a máa já, a máa lọ́, a máa jẹ púlì. Ẹ́ńjìnnì a máa ta, a máa fà, a máa ké, a máa kọ̀. Kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Faransé nínú wọn. Ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ, tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ bẹ́líìtì, kò ní ìyàtọ̀ kankan lórí ohun tí ó ń ṣe. Ààlà ọdún 1889 gé orúkọ sí méjì. Kò gé ìṣe.

Mo gbà báyìí pé àṣìṣe ni ohun tí mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ máa ń bá ọjà wá, ó sì ń sọ ọ̀nà tí ọjà gbà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọwọ́ tí ó ń bá ọjà náà ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi àkójọ ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan wọn ìmọ̀ ẹ̀rọ inú èdè kan dà bí ẹni tí ó fi iye irinṣẹ́ wọn ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ.

7. Ìkádìí

Bàbá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Ojú kò ríran mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ti di ti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́. Alùpùpù tí ó pọ̀ jù lójú ọ̀nà wa lónìí ń wá láti China àti Íńdíà, ṣéènì ni ó ń fà wọ́n. Fún ìgbà díẹ̀ mo bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ti fẹ́ tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Lẹ́yìn tí owó epo kpayo tí ó ń wá láti Nàìjíríà gbówó lórí lọ́dún 2023, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, ènìyàn púpọ̀ tún ń béèrè ohun tí kò ní máa mu epo púpọ̀.

Nígbà tí mo yà níbẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ alùpùpù kan tí kò ní jíà, irú èyí tí àwọn obìnrin ọlọ́jà fẹ́ràn. Bẹ́líìtì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú púlì tí ń fẹ̀ tí ń fún, bí ti àwọn Mobylette kan láyé àtijọ́. Ọmọ tí ó jókòó sára bẹ́líìtì yẹn kò tí ì dé ṣọ́ọ̀bù nígbà tí èmi àti Bàbá ń kan kẹ̀kẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ Faransé mìíràn ni ó fi ń pe púlì náà. Ó fọwọ́ kan bẹ́líìtì, ó yí ojú padà sí ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Ó ti ń yọ̀, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó yọ́."

Kẹ̀kẹ́ tí a kàn ṣì wà nílé mi. Mo ti kọ ìró, ohùn àti ìtumọ̀ gbogbo ohun tí mo gbọ́ lára rẹ̀ sílẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa lọ sí pápá: ẹ má ṣe kó irin tí ó ti kú lọ bá àgbà. Ẹ bá wọn kan ohun tí yóò rìn, kí ẹ sì máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí kò bá rìn.